Nígbà Tí Bàálù Kò Ríbi Bà Sí

Ní ibùdókọ̀ Igolo, ní orílẹ̀-èdè Benin, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé Victorin kì í gbé aboyún. Èrò tó ń lọ sí Àjàṣẹ́ lè fi ẹrù há a mọ́ ìdí ọkọ̀, kò ní bínú. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti rí obìnrin tó diwọ́ disẹ̀ sínú tó ń bọ̀, yóò rọra fi orí tọ́ka sí ọkọ̀ ẹlòmíràn. Kò sí ẹni tó ń bá a jà sí i. Wọ́n mọ ohun tó fà á. Ìyàwó rẹ̀, Sadatou, ọmọ Lagbé, ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn gan-an ló kú sí, tòun tọmọ inú rẹ̀, lọ́jọ́ tí àwọn tírélà dí ọ̀nà Àjàṣẹ́ pa láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Victorin pààrọ̀ àga ẹ̀yìn, ó sì ń fi ọkọ̀ náà ṣiṣẹ́ lọ, nítorí kò ní òmíràn.

Ó tó ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, òjò ń rọ̀, ọkọ̀ wọ́n, obìnrin kan tó ń rọbí di ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ mú, kò sì fi í sílẹ̀. Victorin gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Ifangni bí ẹni tó ń wakọ̀ lójú àlá. Agbẹ̀bí kan jáde, ó gba obìnrin náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì wọlé. Nígbà tó padà wá láti sọ pé tìyá tọmọ ti sọ̀ láyọ̀, ó bá awakọ̀ náà níbi tó fi í sí, ó ṣì jókòó sínú ọkọ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lẹ̀ mọ́ ìdarí ọkọ̀. Agbẹ̀bí náà kí i kú oríire ọmọ. Victorin ní kì í ṣe ìyàwó òun, òun kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Agbẹ̀bí náà wò ó títí. Ó wọlé lọ bu omi wá fún un, ó sì dúró tì í títí ó fi mu ún tán.

Mojọlá ni agbẹ̀bí náà ń jẹ́, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Ògúnyẹmí bí. Ògúnyẹmí ti jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní Ifangni títí ó fi fẹ̀yìntì, títí di òní olónìí sì ni wọ́n ń pè é ní Directeur. Ìyàwó rẹ̀ ti di ará ọ̀run, àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ wà ní ìlú òyìnbó, Mojọlá nìkan ló kù tó ń se oúnjẹ fún un. Òun náà kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ọkùnrin kan tó jẹ́ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ sí Libreville, ó ń pè é lórí fóònù lóṣooṣù, nígbà tó yá ó di ọdọọdún, nígbà tó yá kò pè mọ́.

Nítorí náà, nígbà tí Victorin bẹ̀rẹ̀ sí í yà síwájú ilé ìwòsàn bó bá ti Àjàṣẹ́ dé, tòun ti búrẹ́dì gbígbóná tàbí ọsàn díẹ̀ nínú ọ̀rá, kì í ṣe ìfẹ́ àwọn tí ara ń yá gágá ni wọ́n bá ara wọn ṣe. Wọ́n á jókòó lórí bẹ́ńṣì, ó ti rẹ obìnrin, ó ti rẹ ọkùnrin. Bí ọ̀rọ̀ bá wà, wọ́n á sọ ọ́. Bí kò bá sí, wọ́n á máa wo àwọn ọlọ́kadà zém tó ń kọjá. Ibi tí wọ́n ti ń jókòó bẹ́ẹ̀ ni Victorin ti mọ̀ lọ́jọ́ kan pé bí òun kò bá rí obìnrin yìí, ọjọ́ náà kì í parí lójú òun.

Ó lọ bá bàbá Mojọlá láti tọrọ rẹ̀. Ràúfátù ló mú un lọ, àbúrò Directeur, tó ń ta aṣọ ní Igolo, tó sì ti di Mùsùlùmí láti ìgbà tó ti lọ ilé ọkọ. Mojọlá ń pè é ní Tanti, Victorin náà wá ń pè é bẹ́ẹ̀. Directeur gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, ó fún wọn lómi, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn dópin. Lẹ́yìn náà ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ṣàlàyé ẹ̀kọ́ fún ọmọ tí kò burú.

"Mo ti ṣèwádìí rẹ. N kò gbọ́ ibi. Iṣẹ́ tí ò ń ṣe kì í ṣe ìtìjú. Ṣùgbọ́n obìnrin kan ti bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́ rí, èyí kan ṣoṣo ni mo sì ní. N kò lè gbé e lé ọ lọ́wọ́."

Kí ni Victorin ì bá sọ? Ohun tí bàbá náà sọ, òun gan-an ti sọ ọ́ fún ara rẹ̀ lójoojúmọ́ láti ìgbà tí Sadatou ti lọ.

Nígbà tí Mojọlá gbọ́, kò sunkún. Ó ní òun kò ní sá lọ bá a láìgba àdúrà bàbá òun, òun kò sì ní fẹ́ ẹlòmíràn. "Bó o bá lè dúró, dúró," ni ó wí. "Bó bá sú ọ, sọ fún mi lójú kojú. Má ṣe bíi ti ẹni Libreville."

Wọ́n dúró. Òjò rọ̀, ọyẹ́ dé, wọ́n tún gbin àgbàdo, wọ́n tún kó o. Tanti Ràúfátù ń lọ, ó ń bọ̀. Nígbà mìíràn á gbé obì lọ, nígbà mìíràn á fi ẹjọ́ ara rẹ̀ bojú, á wá ti ẹ̀yìn já a sí ọ̀rọ̀ Victorin. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í lé e, kì í sì í gbọ́ tirẹ̀. Ohun tí Tanti máa ń sọ fún Victorin bó bá padà dé ni pé, "Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ̀ ọ́. Ìtàn rẹ ló mọ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú ète wá sí Tanti lọ́kàn nígbà tí ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà dé. Ìjọba ní kí kọ́múnù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, fa àwọn alátìlẹyìn kalẹ̀ tí yóò wọ bàálù lọ pariwo fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa. Directeur ni wọ́n fi ṣe olórí ti Ifangni, nítorí òun ló dá ìdíje àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láyé ọjọ́un. Àwọn awakọ̀ Igolo ní àyè kan, wọ́n ní kí wọ́n ṣẹ́ gègé sí i. Tanti fi dandan lé e pé kí Victorin fi orúkọ sílẹ̀. Victorin kì í wo bọ́ọ̀lù. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń pariwo nídìí tẹlifíṣọ̀n, òun a máa sùn ni. Ṣùgbọ́n Mojọlá náà bẹ̀ ẹ́, ó ní kó lọ, bóyá bí bàbá òun bá rí i bó ti ń jẹun, bó ti ń rìn, bó ti ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, nǹkan á yí. Ó fi orúkọ sílẹ̀ láìretí ohunkóhun. Òun ni gègé mú. Àwọn tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù bí ẹ̀mí wọn bá a yan odì fún odidi ọ̀sẹ̀.

Nígbà tí Directeur rí i láàárín àwọn tí wọ́n jọ ń lọ, ojú rẹ̀ le. Ó jókòó síwájú nínú bàálù, Victorin jókòó lẹ́yìn. Ní pápá ìṣeré, bàbá náà wà níwájú, Victorin wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo ìpàkọ́ rẹ̀ ju bó ti ń wo bọ́ọ̀lù lọ. Àwa la fìdí rẹmi. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n kó gbogbo wọn lọ sí pápákọ̀ òfurufú láti máa bọ̀ wálé.

Ìlú tó gbàlejò ìdíje náà ti múra, kí á má parọ́. Wọ́n kọ́ pápá ìṣeré tó ń dán bí àwo tuntun, wọ́n da ọ̀dà sójú títì, wọ́n gbin òdòdó sí àárín rẹ̀. Ibi tí àwọn bàálù yóò dúró sí ni ẹnikẹ́ni kò rò. Àwọn olówó àti àwọn ẹni ńlá láti ìlú ibòmíràn gbé bàálù tara wọn wá wòran. Àwọn aláṣẹ pápákọ̀ ní kí àwọn tó ń wa bàálù wọ̀nyí já àwọn ọ̀gá wọn sílẹ̀, kí wọ́n lọ dúró sí ibòmíràn títí eré yóò fi parí. Wọ́n kọ̀. Ọ̀gá wo ló fẹ́ jáde kó má bá ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà? Báyìí ni ilẹ̀ kún. Bàálù tí ń gbé èrò kò ríbi bà sí. Òmíràn á yí lókè, á yí, á sì padà síbi tó ti wá. Èyí tó fẹ́ wá kó àwọn ará Benin ti lọ bà sí ìlú mìíràn, ó ń dúró de àyè.

Victorin fi ojú ara rẹ̀ rí i látẹ̀yìn gíláàsì. Àwọn bàálù kéékèèké funfun wọ̀nyẹn há mọ́ra wọn bí ọkọ̀ tí wọ́n gbé sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ọjà, tí olúwa rẹ̀ ti wọnú ọjà lọ. Ìrẹ̀wẹ̀sì bá a. Ó mọ irú rẹ̀.

Nínú gbọ̀ngàn, ènìyàn sùn sílẹ̀ bí ẹja tí wọ́n sá. Ẹni tó fẹ́ kọjá ní láti máa wá ibi tí yóò fẹsẹ̀ sí láàárín ẹsẹ̀ àti orí. Lójú pátákó, iwájú orúkọ ìlú gbogbo ni wọ́n kọ "retardé" sí, ìyẹn ni pé bàálù ti pẹ́. Omi tán nínú ilé ìyàgbẹ́. Ọmọdébìnrin tó wà nídìí káńtà ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi í pé tout à l'heure, pé kò ní pẹ́ mọ́, títí òun náà fi dìde, tó lọ, tí kò padà mọ́.

Àwọn ará Ifangni kó gbogbo ìbínú wọn lé olórí wọn lórí. Directeur ń lọ sídìí káńtà nínú kóòtù rẹ̀ tí wọ́n lọ̀ dáadáa, á fi faransé tó já geere bi wọ́n léèrè, á padà wá tòun ti èsì kan náà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, kóòtù ti di ìrọ̀rí. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀dọ́kùnrin kan dìde, ó ní àwọn àgbà ti jẹ owó ọkọ̀ àwọn. Bàbá náà fajú ro. Nígbà tó tún lọ tò, Victorin dìde, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bàbá náà bi í pé kí ló ń wá.

"Mo kàn dúró ni, Bàbá."

Ó ní kó lọ jókòó. Victorin kò lọ. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́, títí wọ́n fi tún gbọ́ tout à l'heure lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni Mojọlá pè. Ohùn rẹ̀ wúwo bí ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú iṣẹ́. Ó bi Victorin léèrè bí ojú bàbá òun ti rí. Victorin ní ó pọ́n, ó sì ń fi ọwọ́ tẹ ẹ̀yìn ọrùn.

"Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wà nínú báàgì tí wọ́n ti gbà wọlé lọ́wọ́ rẹ̀," ni Mojọlá wí. "Kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń sọ fún mi pé ara òun le. Victorin, má bẹ̀ ẹ́ nítorí tèmi. Ṣáà wà nítòsí rẹ̀."

Victorin lọ wá báàgì náà. Ó bẹ àwọn òṣìṣẹ́ kan, wọ́n tọ́ka sí òmíràn, òmíràn ní àwọn ẹrù ti wọ inú àká, kò sí ẹni tó lè yọ ọ̀kan láàárín wọn. Ilé oògùn tó wà níbẹ̀ ti tì, ọjà rẹ̀ ti tán. Ó ra omi bọ̀, ó gbé e fún bàbá náà, ó sì sọ fún un pé òun gbọ́ nípa oògùn.

Directeur gba omi. Ó mu díẹ̀, ó fi ìyókù sílẹ̀. Ó ní, "Nítorí ọmọ mi lo ṣe ń ṣe gbogbo eléyìí."

Victorin rò ó. Ì bá sọ pé rárá, nítorí àgbà ni, nítorí ọmọ ìlú kan náà ni wọ́n. Ó ti rẹ̀ ẹ́ jù láti wá ọ̀rọ̀ tó dùn. "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá," ló wí. "Nítorí rẹ̀ ni."

Bàbá náà mi orí. "Ó dáa tí o kò purọ́." Ó dùbúlẹ̀ padà, ó kẹ̀yìn sí i.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ó dìde pé òun tún ń lọ sídìí káńtà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà á. Victorin ló gbá a mú kó tó kanlẹ̀. Nọ́ọ̀sì pápákọ̀ náà wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i bí ẹni tí kò gba ẹ̀rọ gbọ́, ó sì pe ọkọ̀ aláìsàn pé kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà nínú ìlú. Victorin bá wọn wọ ọkọ̀. Kò sí ẹni tó bi í pé ta ni ó jẹ́ sí bàbá náà.

Wọn kò jìnnà sí pápákọ̀ tí ọ̀nà fi dí. Àwọn ẹni ńlá ń bọ̀ wá wọ bàálù wọn, àwọn ọlọ́pàá sì ti fi okùn sójú títì láti fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ọ̀wọ́ ọkọ̀ wọn. Ọkọ̀ tó kù dúró gbagidi, tiwọn wà láàárín, iwájú kò ṣe é lọ, ẹ̀yìn kò ṣe é padà. Awakọ̀ fọn fèrè rẹ̀ títí. Ó bojú wẹ̀yìn, ó ní òun kò lè fi ìdarí sílẹ̀, kí ẹnìkan sọ̀ kalẹ̀ lọ bẹ àwọn ọlọ́pàá.

Victorin kò mira. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tó fi di etí ibùsùn aláìsàn náà mú kí wọ́n má baà rí i. Directeur rí i. Ó la ojú, ó wò ó láti ibi tó dùbúlẹ̀ sí.

"Lọ bẹ̀ wọ́n," ni bàbá náà wí.

"Rárá, Bàbá. N kò sọ̀ kalẹ̀."

Nọ́ọ̀sì wo àwọn méjèèjì, ó ṣí ilẹ̀kùn, òun fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó ku àwọn méjì lẹ́yìn ọkọ̀, tòun ti ooru. Bàbá náà ṣì ń wò ó. Ó wá béèrè, jẹ́jẹ́, ohun tí kò béèrè ní gbogbo ìgbà tó fi ń sọ pé rárá.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

Kò sí ẹni tó bi Victorin ní ìbéèrè yìí rí. Àwọn ènìyàn mọ̀, wọ́n ṣàánú rẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀. 

"Àwọn tírélà ló dí ọ̀nà, Bàbá. Sadatou ní kí n má lọ, kí n dúró ti òun. Mo ní n ó lọ bẹ̀ wọ́n, n kò ní pẹ́. Mo ń bẹ awakọ̀ kan dé òmíràn. Wọ́n sún fún mi lóòótọ́, wọ́n fi àyè sílẹ̀. Mo sáré padà, inú mi ń dùn. Ó ti lọ kí n tó dé. Kò sí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ rẹ̀." Ó wo ojú bàbá náà. "Bí ẹ bá fẹ́ kú, Bàbá, ẹ má kú. Ṣùgbọ́n n kò kúrò lọ́dọ̀ yín."

Directeur na ọwọ́, ó gbé e lé ọwọ́ tó ń gbọ̀n náà, ó sì di ojú. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀ títí nọ́ọ̀sì fi padà dé, tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn díẹ̀díẹ̀.

Bàbá náà kò kú. Wọ́n fún un lóògùn, ó sùn, ó jí, ó béèrè oúnjẹ. Nígbà tí bàálù wọn ríbi bà, tí wọ́n sì gúnlẹ̀ sí Kútọnu níkẹyìn, Mojọlá àti Tanti ń dúró. Mojọlá dì mọ́ bàbá rẹ̀, ó wo Victorin láti orí èjìká bàbá náà, ojú rẹ̀ ń bi í léèrè. Bàbá náà wọ ọkọ̀ tí Tanti gbé wá, ó kí Victorin pé ó kú wàhálà, wọ́n sì lọ. Victorin wọ tákísí padà sí Igolo.

Ó rò pé ọ̀rọ̀ á jáde láìpẹ́. Ọ̀rọ̀ kò jáde. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Directeur ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń ka ìwé rẹ̀, ó ń lo oògùn rẹ̀, kò dárúkọ Victorin. Tanti lọ dán ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí Tanti jẹ́ kí òun sinmi. Tanti sọ fún Victorin pé ẹsẹ̀ òun kò gbé ìrìn àjò yìí mọ́, kó dárí ji òun.

Lórí bẹ́ńṣì níwájú ilé ìwòsàn, Mojọlá bọ́ bàtà rẹ̀, ó na ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ náà wú. Ó ní òun ti rò pé ìrìn àjò yẹn ni yóò yanjú rẹ̀.

"N kò ní agbára àtidúró mọ́," ló wí, "n kò sì ní agbára àtilọ. Ṣé ó yé ọ?"

Ó yé e. Ohun tí òun náà ì bá sọ nìyẹn bí òun bá mọ̀ ọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ yẹn, fún ìgbà àkọ́kọ́, ó rò ó pé bóyá inú rere ni kí òun fi í sílẹ̀, kó lè rí ẹlòmíràn tí bàbá rẹ̀ yóò gbà. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu. Ó wo ẹsẹ̀ tó wú náà, ó gbé e mì padà, ó sì gbé ẹsẹ̀ náà lé orí itan rẹ̀.

Òwúrọ̀ kan tí ọjà Igolo ń ná, Victorin ń pe èrò Àjàṣẹ́ nígbà tí ẹnìkan ṣí ilẹ̀kùn iwájú ọkọ̀ rẹ̀, tó sì jókòó. Directeur ni, ó dé fìlà, ó gbé ọ̀pá lé itan. Ó ní kó gbé òun lọ sí Lagbé, sí ilé àwọn òbí Sadatou. Victorin wò ó. Ó ní kí àwọn èrò tó wà lẹ́yìn má bínú, kí wọ́n wọ ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ojú ọ̀nà kò ṣeé sọ̀rọ̀, eruku àti kòtò ni. Victorin ń rò ó lọ. Ìwádìí wo ni èyí, lẹ́yìn gbogbo ohun tó ti sọ? Bí àwọn ará Lagbé bá sọ pé òun ló pa ọmọ àwọn ńkọ́? Wọn kò sọ ọ́ rí lójú rẹ̀. Ta ló mọ ohun tó wà nínú wọn?

Ìyá Sadatou wà lẹ́yìnkùlé, ó ń bó gbágùúdá. Directeur kí i bí wọ́n ti ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ó ní òun fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, kí Victorin lọ dúró nídìí ọkọ̀. Ìyá náà ní kó má lọ. Ó ní òun kò ní ọ̀rọ̀ kan tí òun yóò sọ lẹ́yìn rẹ̀ tí òun kò lè sọ lójú rẹ̀. Ó sún àpótí fún àlejò.

Bàbá náà jókòó. Kò fi ọ̀rọ̀ gba ọ̀tún gba òsì. Ó ní ọkùnrin yìí fẹ́ fẹ́ ọmọ òun, òun ti kọ̀, nítorí obìnrin ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Òun wá bi ẹni tó ni obìnrin náà léèrè irú ọkùnrin tó jẹ́.

Ìyá Sadatou kò dúró nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó bó ọ̀kan tán, ó mú òmíràn.

"Ta ni kò bọ́ mọ́ lọ́wọ́?" ló wí. "Èmi tí mo bí i, ṣé ó kù sí mi lọ́wọ́ ni? Ọmọ mi ló kú, Directeur. Eléyìí kò kú, ṣùgbọ́n ẹ wò ó. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń kọ ebè ló ń wá bá wa kọ ọ́. Bó bá ti jókòó síbí báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Èmi ìyá òkú ni mo ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó ti rẹ̀ mí. Bí ẹ bá ní obìnrin tó lè gbà á lọ́wọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un, kí n lè ráyè sunkún tèmi."

Victorin tẹrí ba. Ó ń gbọ́ ọ̀bẹ lára gbágùúdá. Directeur fi ọwọ́ méjèèjì lé orí ọ̀pá rẹ̀, ó sì dìde. Ó ní òun dúpẹ́. Lẹ́yìn náà, ó ní ẹ̀rù ni ó ń ba òun, kì í ṣe nǹkan mìíràn. Ìyá Sadatou ní òun mọ̀.

Wọ́n padà sọ́nà. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé bàbá náà ní Ifangni. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ó wá dúró bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ kan níta, ẹsẹ̀ kan nínú.

"Kí àwọn ènìyàn rẹ wá ní Sátidé," ló wí. "Kí wọ́n mú ìyá yẹn dání, kó jókòó síbi tí ìyá rẹ ì bá jókòó sí bó bá wà láyé. Ẹ má pọ̀ jù. Ó ti rẹ̀ mí."

Victorin dọ̀bálẹ̀ sínú eruku níbẹ̀, níwájú àwọn tó ń kọjá. Nígbà tó fi gbé orí sókè, bàbá náà ti wọlé.

Ó gbé ọkọ̀ lọ sí iwájú ilé ìwòsàn, ó sì dúró. Kò wọlé lọ pe Mojọlá. Ó jókòó títí iṣẹ́ fi parí tí Mojọlá fi jáde tòun ti báàgì rẹ̀, ó ń nu ọwọ́. Ọmọ méjì ló gbà lọ́jọ́ yẹn, ìkejì fi ẹsẹ̀ wá. Ó rí ọkọ̀, ó wá jókòó síwájú, ó gbé orí lé ẹ̀yìn àga, ó ní bí kò bá ní bínú, kí ó má tíì bá òun sọ̀rọ̀ ná.

Victorin dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ pé bàbá rẹ̀ ní kí àwọn ènìyàn òun wá.

Mojọlá kò yí ojú sí i. Omi kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lójú rẹ̀, bí ó ti gbé orí lé àga yẹn náà. Ó ní kó sọ fún òun bí bàbá òun ṣe sọ ọ́ gan-an, kó má yọ ọ̀kan kúrò. Victorin sọ ọ́ fún un, títí dórí ẹ má pọ̀ jù, títí dórí ó ti rẹ̀ mí. Níbẹ̀ ni ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Mojọlá láàárín ẹkún, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ó ní kó tún un sọ. Victorin tún un sọ.